Èèpo Tí Màmá Mi Ń Bó Dànù

Odindi ọdún méjì ni mo fi ń wá fílábónọ́ìdì nínú ọrọ́, igi ẹlẹ́gùn-ún tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Èròjà tí ojú lásán kì í rí ni. Mo máa ń lọ ọrọ́ náà, màá fi sípíríìtì fa omi rẹ̀ jáde, màá kán an sórí pátákó funfun kékeré, màá wọ́n kẹ́míkà sí i, màá wá tan iná aláwọ̀ àlùkò sí i nínú òkùnkùn. Tí èròjà náà bá wà níbẹ̀, á tàn. Tèmi kò tàn rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá mi níbi ìwádìí kò fepo bọyọ̀: "Tí kò bá tàn lónìí, tábìlì yìí á di ti ẹlòmíràn."

Màmá mi ló ń gé ọrọ́ fún mi. Kí ẹ̀gún má baà gún mi, wọ́n máa ń bó o kanlẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tẹ̀gún-tèèpo ni wọ́n gbé e wá bá mi níbi iṣẹ́.

"Má bínú, ọmọ mi. Ọrùn ọwọ́ ló ń dùn mí, mi ò lè bó o."

Inú bí mi. "Ẹ ò bá ti sọ látàná, Màmá. Ìgbà wo ni mo fẹ́ bó o báyìí?"

Mo fi ìbínú họ ẹ̀gún rẹ̀, mẹ́ta gún mi, mo sì lọ ọ́ tèèpo-tèèpo.

Nígbà tí mo tan iná, mi ò lè pa ẹnu mi dé. Ó ń tàn yòò, bíi pupa ẹyin. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ wò ó. Wọ́n wá ní kí n lọ èèpo apá tó kọjú sóòrùn lọ́tọ̀, kí n lọ ti apá òjìji lọ́tọ̀. Ti oòrùn tàn ju ti òjìji lọ fíìfíì. Àṣé èròjà náà ló ń gba ọrọ́ lọ́wọ́ oòrùn. Igi tí kò lè sá lọ sábẹ́ ibòòji ti dá aṣọ fún ara rẹ̀, ó sì ń wọ̀ ọ́ lójú wa lójoojúmọ́. Ẹ̀rù iṣẹ́ Ọlọ́run bà mí.

Màmá mi, tí wọ́n dúró lẹ́yìn mi, fọwọ́ bo ẹnu. "Àṣé èmi ni mo ń da iṣẹ́ ẹ sí ààtàn."

"Ẹ̀yin kọ́, Màmá. Èmi tí mo kàwé ni mi ò ronú kan èèpo."

Ọ̀gá ní kí n máa lo tábìlì mi lọ, ṣùgbọ́n Màmá ló yẹ kí àwọn gbà síṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá àpò ọrọ́ lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Èèpo rẹ̀ pé, kò bó níbì kankan. Ẹ̀gún rẹ̀ ni mo wá tì. Màmá mi ti tu gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọwọ́ tó ń dùn wọ́n.