Àdírẹ́sì Tí Mo Fún Nafula

Àwọn adójútòfò ìsìnkú kan ló kọ̀wé sí ìyá mi. Wọ́n ní kó tètè yan pósí rẹ̀ nísinsìnyí tí ara ṣì le, kó má baà di wàhálà fáwọn ọmọ. Ìyá mi tí jẹjẹrẹ ọmú ń bá jà láti ọdún tó kọjá, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ní Eldoret yìí ní Kẹ́ńyà àfi èmi, dókítà, àti Nafula tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíliníìkì. Inú bí mi gidigidi.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà yẹn gan-an kọ́ ló bí mi nínú jù. Àdírẹ́sì ímeèlì tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ni.

Ọdún kẹfà rèé tí mi ò ti jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ kankan bá mi tọ́jú lẹ́tà tàbí fọ́tò mi. Kọ̀ǹpútà àlòkù kan wà nílé ìdáná wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ akèrègbè mursik tí Màmá fi ń mu wàrà kíkan, inú rẹ̀ ni gbogbo lẹ́tà wa ń balẹ̀ sí. Ètò tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó kọ ọ́ ṣí i sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè yẹ inú rẹ̀ wò, kó sì tún un ṣe. Màmá máa ń sọ pé mo fi àyè ìkòkò òun fún òkú ẹ̀rọ. Èmi mọ ìdí tí mo fi gbé e síbẹ̀. Ẹni tó kó àṣírí ara rẹ̀ sílé onílé, lọ́jọ́ tí onílé bá tà á, ta ni yóò bá wí?

Ọgbọ́n kan wà tí àwa tá a ń ṣe irú èyí máa ń dá. Ibi kọ̀ọ̀kan tó bá gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ mi, ọ̀tọ̀ ni èyí tí mo máa ń fún un. Báǹkì ní tirẹ̀, ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní ìṣirò ní tirẹ̀, kíliníìkì ní tirẹ̀. Gbogbo wọn ló ń já sílé mi, ṣùgbọ́n bí lẹ́tà tí mi ò retí bá gba ọ̀kan wọlé, mo ti mọ ẹni tó tà mí. Èyí tí àwọn oníṣòwò pósí lò yìí, tí orúkọ Màmá àti ti kíliníìkì wà nínú rẹ̀, Nafula nìkan ni mo fún. Èmi fúnra mi ni mo dúró síwájú rẹ̀ tí mo ń pe é fún un, tó ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Mo tẹ lẹ́tà náà sórí pépà, ó di kíliníìkì. Bẹ́ńṣì kún fọ́fọ́. Bot Jepleting, ìyẹn ìyá Jepleting, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Màmá tí ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan, ló jókòó sípẹ̀kun.

"Mwalimu, ẹ káàárọ̀ o," Nafula ní, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ níbí. "Màmá ńkọ́? Ṣé wọ́n rí nǹkan jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Fi Màmá sílẹ̀. Ta lo tà á fún?"

"Kí ni mo tà?"

Mo ju pépà náà síwájú rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ aláìsàn. Àdírẹ́sì tó wà níbẹ̀ yẹn, ìwọ nìkan lo ní in. Ṣàlàyé fún mi, báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn?"

Ó kà á, ó tún un kà. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ ọ́, mo kọ ọ́. Inú dúrọ́ọ̀ yìí ló wà látìgbà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wọ yàrá ká sọ ọ́."

"Kí ni mo fẹ́ wọ yàrá ṣe? Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí, ẹ ṣọ́ obìnrin yìí o. Àìsàn yín ló fi ń ṣọjà."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, Mwalimu. Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí."

Dókítà Malakwen yọrí látinú yàrá, ó ní kí n fi sílẹ̀ fún òun. Nígbà tó máa di ọjọ́ Ajé, ẹlòmíì ló wà lórí àga Nafula. Inú mi dùn bí ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá gba ipò kìíní.

Mo rò pé inú Màmá á dùn. Ṣíbí ló kọ́kọ́ gbé sílẹ̀.

"Nafula wo? Èyí tó máa ń di ọwọ́ mi mú tí wọ́n bá ń gún mi lábẹ́rẹ́?"

"Òun ni, Màmá. Bíkú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani."

"Jerotich, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bot Jepleting ti bi ọmọ yẹn ní ohun tó ń ṣe mí. Ó sọ fún un pé eyín ni. Títí dòní, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ń kí mi kú eyín. Ẹni tó bá fẹ́ tà mí, ṣé ibẹ̀ kọ́ ni ì bá ti bẹ̀rẹ̀?"

Mo ní ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kò lè yé e. Pẹ̀lú ìbínú yẹn náà ni mo fi kọ ìtàn yìí sójú òpó táwa onírú iṣẹ́ yìí ti ń ran ara wa lọ́wọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo kọ àdírẹ́sì náà síbẹ̀, mo sọ bí ọgbọ́n mi ṣe mú olè. Wọ́n kí mi kú iṣẹ́. Ẹnì kẹta tó fèsì, ọkùnrin kan ní Kitale, bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Mwalimu, ṣé kì í ṣe àdírẹ́sì yìí ló wà nínú fáìlì tẹ́ ẹ gbé síbí lóṣù Kẹta?"

Lóṣù Kẹta, ẹ̀rọ mi kọ̀, kò gba lẹ́tà mọ́. Àṣà wa ni pé bí tìrẹ bá bàjẹ́, kó o kó gbogbo àṣẹ tó o kọ fún ẹ̀rọ náà sójú òpó, káwọn ẹlẹgbẹ́ lè bá ọ wá ibi tó ti bàjẹ́. Bó o bá kó ààbọ̀ wá, wọ́n á bú ọ. Mo ti yọ ọ̀rọ̀ aṣínà, mo yọ orúkọ mi. Nísàlẹ̀ pátápátá, gbogbo àdírẹ́sì mi mẹ́tàdínlógún tò síbẹ̀, ti kíliníìkì ni ìkẹrìnlá, bí àgbàdo tí wọ́n sá sórí ẹní. Ẹnikẹ́ni láyé lè kó o. Oṣù méjì ló ti wà níbẹ̀.

Mo bú ara mi ní gbogbo èdè tí mo gbọ́. Mo wá sáré lọ bá dókítà, mo jẹ́wọ́. Kò tilẹ̀ wò mí lójú.

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n iwájú bẹ́ńṣì lẹ ti pè é lólè, Mwalimu. Ta ló máa wá sọ òótọ́ fún àwọn tó gbọ́? Ṣé kí n máa tẹ̀ lé wọn kiri ilé ni?"

Ó dùn mí, nítorí ọkùnrin yìí kò béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ Nafula kó tó lé e. Èmi náà kò sì béèrè.

Nígbà tí mo sọ fún Màmá, kò bú mi. Ó ní, "Ọjọ́ wo ni èrò máa ń kún kíliníìkì jù?"

Ọjọ́rú ni. A dé ibẹ̀, bẹ́ńṣì kún. Bot Jepleting sún fún un. "Bot Jerotich, eyín náà ni?"

Màmá kò jókòó. "Kì í ṣe eyín. Jẹjẹrẹ ọmú ni. Ó ti lé lọ́dún kan. Láti ọjọ́ kìíní ni Nafula ti mọ̀. Ta nínú yín ló gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀?"

Bot Jepleting ń wo ilẹ̀. Dókítà ti jáde sẹ́nu ọ̀nà, bírò lọ́wọ́.

"Dókítà, ẹ pe ọmọ yẹn lórí fóònù, kó máa bọ̀," Màmá ní. Ó wá yíjú sí mi. "Ó ku ìwọ. Ibi tó o ti pariwo lọ́jọ́sí gan-an ni kó o dúró sí."

Mo dúró síbẹ̀. Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo kó ọ̀rọ̀ ìyá mi síta.