Ìdajì Àlàyé Saidat

Omi ń kán láti inú ike wọ apá Àkàngbé, Saidat ọmọ rẹ̀ sì jókòó tì í, kò lè gbójú wò ó. Láàárọ̀ ni wọ́n gbé e wá sí ọsibítù láti Ládìpọ̀, níbi tó ti ń tú òkú ọkọ̀ tà. Ẹnu iṣẹ́ ló dákú sí. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ń bá jà gbààwẹ̀, ó sì pa oògùn tì pẹ̀lú oúnjẹ! Dókítà ní bó bá tún dán an wò, àwọn lè má rí i jí mọ́.

Bẹ́ẹ̀ àfáà ti ní kó máa bọ́ tálákà dípò ààwẹ̀, ó sì gbà tẹ́lẹ̀. Saidat ló bà á jẹ́. Nígbà tí ààwẹ̀ ọdún 1992 yìí bẹ̀rẹ̀, ó ti yunifásítì wálé sí Mushin. Nídìí ìṣínu, ó ṣàlàyé pé bí oúnjẹ ò bá wọlé, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ara á máa tú ohun tó ti gbó nínú wọn, wọ́n á fi ṣe tuntun, bí bàbá òun ṣe ń ṣe ní Ládìpọ̀ gan-an. Ojú bàbá rẹ̀ ń dán. Ọ̀rọ̀ ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tẹ́tí sí Saidat báyẹn rí, ló bá gbé ìyókù mì. Wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Àbọ̀ tirẹ̀ dénú bàbá, àbọ̀ náà ló wà.

Àkàngbé lajú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Saidat, àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn á ti tú èyí tó gbó tán báyìí.”

Apá rẹ̀ ti rù kan egungun. Ẹ̀rí ọkàn gún Saidat débi pé ó bú sẹ́kún.

“Bàámi, mi ò sọ ọ́ tán. Nínú ara tí àtọ̀gbẹ wà, tí ò sí oúnjẹ, tí ò sí oògùn, ara ò mọ ibi tó yẹ kó dúró. Á tú èyí tó dáa mọ́ èyí tó gbó.”

“O sì mọ̀ lọ́jọ́ náà?”

“Mo mọ̀, Bàámi.”

Kò bá a wí. Ó kàn ní láti ọdún tí àtọ̀gbẹ ti mú òun ni òun ti ń sá sẹ́yìn ọkọ̀ jẹun nínú ààwẹ̀, àfi ọdún yìí tí òun bá ẹgbẹ́ òun ṣínu.

Nọ́ọ̀sì ti gbé ẹ̀kọ mímu kalẹ̀. Saidat gbé ife náà fún un. Àkàngbé wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí àwọn ará Ládìpọ̀ tó gbé e wá dúró sí pẹ̀lú ètè tí ààwẹ̀ mú gbẹ, ó sì yíjú sí ògiri. Saidat dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì na ìborùn rẹ̀ bí aṣọ ìkélé láàárín bàbá rẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń mu ún díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń jí i mu.