Àmù Tó Kù Nílé Bàbá

Jumber ní kí àwọn gba títì márosẹ̀ tó yí ẹ̀yìn ìlú ká, kí àwọn lè tètè dé ilé bàbá àwọn. Tsiala, àbúrò rẹ̀, fárígá. Ó ní àárín ìgboro Tbilisi gan-an ni òun fẹ́ gbà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó já òun sílẹ̀.

"Ṣebí inú ìgboro yìí náà lò ń gbé!" Jumber kùn, ṣùgbọ́n ó yà. Àgbàlagbà tó sanra gan-an ni. Ikùn rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jókòó sídìí ọkọ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó jókòó.

Wọ́n ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ àwọn bákónì onígi tí wọ́n gbẹ́ lọ́nà bíi léèsì, níbi tí àjàrà ti gun òpó dé òrùlé.

"Ẹ wo ilé Àǹtí Margo!" ni Tsiala wí. "Ẹ rántí ìgò wáìnì tí Bàbá gbé wá fún wọn, tẹ́ ẹ fọ́ sórí àtẹ̀gùn?"

"Ìwọ lo fọ́ ọ."

"Irọ́ o! Ẹ̀yin ni."

"Ìwọ lo fọ́ ọ, èmi ni wọ́n nà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni wọn yóò fa ilé bàbá wọn ní ìgbèríko Kakheti lé Malkhaz, aládùúgbò wọn níbẹ̀, lọ́wọ́. Jumber ló fẹ́ tà á. Tsiala kò fẹ́, bẹ́ẹ̀ òrùlé ilé ọ̀hún ń jò, eku ló sì kù níbẹ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ìgbà ìkórè àjàrà nìkan ni òun àti ẹ̀gbọ́n òun ń ríra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Bí ilé bá lọ, ibi ìsìnkú nìkan ni wọn yóò tún ti máa ríra. Ó ti wá pinnu pé àwọn ohun tí wọ́n bá rí lójú ọ̀nà ni yóò bá òun yí Jumber lọ́kàn padà.

Ó ra búrẹ́dì gbígbóná lẹ́bàá ọ̀nà, ó bù ú fún un.

"Mo mọ nǹkan tó ò ń ṣe," ni Jumber wí. "O fẹ́ fi búrẹ́dì rà mí."

"Ṣé owó yín tó ti búrẹ́dì ni?"

Jumber rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, àmọ́ kò yí ohùn padà. Nígbà tí wọ́n gun òkè Gombori tán, tí ilẹ̀ àjàrà tẹ́ lọ rẹrẹ nísàlẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ òkè oníyìnyín, àárò bàbá wọn sọ Tsiala gan-an. Jumber dá ọkọ̀ dúró. Ó wo ibẹ̀ pẹ́, ó sì tún wa ọkọ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n dé ilé bàbá wọn, àmù ńlá kan tó gba odindi èèyàn ló kù nínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ dé ọrùn. Àbùkù ni kí èèyàn fa àmù tí wọn kò fọ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹni tó bá sì wọ inú rẹ̀ lọ fọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ máa kọrin, torí ooru wáìnì tó há síbẹ̀ lè mú kí èèyàn dákú. Bí orin bá dákẹ́, kí àwọn tó wà lókè yára fà á jáde. Bàbá ló máa ń wọ̀ ọ́ láyé ìjọ́hun, tí àwọn méjèèjì á dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu àmù, tí wọ́n á máa gbọ́ orin rẹ̀ látinú ilẹ̀.

"Ta ni yóò wọ̀ ọ́?" ni Jumber bi í.

"Ẹsẹ̀ yín kan péré ló lè gbà níbẹ̀."

Tsiala gbé ìdì èèpo igi tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Ó ń fọ̀, ó ń kọ orin bàbá wọn. Nígbà tó yá, ẹkún dí i lọ́fun, orin náà sì dákẹ́.

"Tsiala! Kọrin! Tsiala!"

Òkùnkùn bolẹ̀ lójijì. Jumber ti ki orí àti apá bọ inú àmù.

"Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Mo wá gbé ẹ jáde ni."

"Mi ò kú o. Ẹ padà!"

"Mi ò lè padà. Mo ti há."

Tsiala bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọ̀hún sì di ẹkún. Kò rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ lè jáde lẹ́nu rẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá ta ibí, mi ò ní máa rí yín mọ́. Ìkórè nìkan lẹ máa ń tìtorí ẹ̀ pè mí."

"Ìwọ ńkọ́?" ni Jumber bi í. "Àtìgbà tí Màámi ti kú, ọ̀rọ̀ àjàrà nìkan lò ń bá mi sọ. Mo rò pé ilé yìí lo fẹ́ràn, pé dírẹ́bà tó ń gbé ẹ wá ni mo jẹ́."

Tsiala fọwọ́ wá a nínú òkùnkùn títí ó fi kan ojú rẹ̀. Ó tutù fún omijé.

"Ẹ tà á," ni Tsiala wí.

Ìgbà tí Malkhaz dé, ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ ta ilé fún un ló kọ́kọ́ rí. Ó fà á títí ó fi yọ, ó fa Tsiala náà jáde, ó sì bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì ń tà á. Tsiala ló dáhùn pé àwọn ti tà á fún un.

Lọ́jọ́ Wẹ́sidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n kan ilẹ̀kùn Tsiala ní Tbilisi. Jumber ló dúró síbẹ̀, àtẹ̀gùn ti dá a lágara, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú o," ni Jumber wí. "Kò sí nǹkan kan tí mo wá ṣe. Mo ní kí n yà wò ẹ́ ni."