Ọwọ́ Aránṣọ

Ọdún kẹta rèé tí wọ́n yọ ọ̀kan nínú kídìnrín mi fún àbúrò mi ọkùnrin. Láti ìgbà náà, èmi ni aago rẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀, aago mẹ́jọ alẹ́, ó gbọ́dọ̀ lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ara rẹ̀ bá kídìnrín àlejò jà. Nọ́ọ̀sì sọ pé ara kòkòrò kan tí ojú kò lè rí, tó ń gbé inú iyẹ̀pẹ̀, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí oògùn náà. Àbúrò mi ní kí wọ́n kúkú bu iyẹ̀pẹ̀ àpò kan fún òun. A rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ẹ̀rín ti tán. Ó ti rẹ̀ mí, ó ti rẹ òun náà. Aránṣọ ni, oògùn yìí sì ń mú kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, wọ́n gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ kó tó lo ti àárọ̀, kí wọ́n lè mọ iye tó ṣẹ́kù lára. Ẹ̀ẹ̀mejì ni èsì ní oògùn pọ̀ jù, ẹ̀ẹ̀mejì ni dókítà dín in kù. Lónìí, lórí bẹ́ńṣì ọsibítù, mo ṣí ike oògùn rẹ̀ tó ní ojú méjì, ti àárọ̀ àti ti alẹ́. Ojú ti àárọ̀ ti ṣófo.

"O ti lò ó?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Mo fẹ́ kí èsì ní ó pọ̀ jù, kí wọ́n lè tún dín in kù ni."

"Ohun tí o ṣe lẹ́ẹ̀mejì yẹn náà nìyẹn?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Kídìnrín mi lò ń fi ta tẹ́tẹ́!" Gbogbo bẹ́ńṣì yíjú sí wa. Kò kàn mí.

Èmi ni mo fà á wọlé sọ́dọ̀ dókítà, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́. Dókítà mí kanlẹ̀.

"Abájọ. Ara yín ti ń bá kídìnrín náà jà. A máa dá oògùn padà sí iye ti tẹ́lẹ̀ lónìí. Ìwádìí kan wà níbí lórí irú oògùn yìí tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara, fún àwọn tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la gba ẹni tó kẹ́yìn sínú rẹ̀, àyè ò sí mọ́. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé ọwọ́ yín ń gbọ̀n?"

Àbúrò mi tẹjú mọ́lẹ̀. "Ẹni tó fún mi ní kídìnrín ló máa ń jókòó tì mí níbí. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi ráhùn níwájú wọn?"

Mo gba ìwé oògùn lọ́wọ́ dókítà. A lọ sílé.

Nírọ̀lẹ́, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, mo ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mẹ́wàá, mo tò wọ́n sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó. Mo ní, "Máa ráhùn. Mò ń gbọ́."