Fáìlì Tó Wà Lábẹ́ Ọwọ́ Mi

Ọmọ́wùmí kò kí mi mọ́. Bó bá wọ ọ́fíìsì wa láàárọ̀, á kúnlẹ̀ kí Alàgbà Sàlàkọ́ tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo wa, á kí ẹni tó ń tẹ̀wé, á bi obìnrin tó ń gbálẹ̀ bóyá ara ọmọ rẹ̀ ti yá, á wá gba iwájú tábìlì mi kọjá bí ẹni pé àga òfìfo ló wà níbẹ̀. Èmi Cornelius Ògúndìran, tí mo ti ń mójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ wa láti ọdún mọ́kànlá. Mo fi ọdún mẹ́tàlá ju ọmọ náà lọ. Ó ń bí mi nínú, mi ò ní purọ́.

Mo kúkú mọ ìdí tó fi ń ṣe é. Fáìlì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi láti oṣù kejì ọdún.

Òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ni Ọmọ́wùmí, ọmọ Okaka. Òun ló ń gun ọ̀kadà ìjọba lọ bá àwọn àgbẹ̀ lábà, tó ń wo iṣu àti àgbàdo wọn, tó sì ń padà dé lọ́sàn-án pẹ̀lú erùpẹ̀ pupa títí dé ìpéǹpéjú. Ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn tuntun kan lọ́nà Ṣakí, wọ́n sì ní kí á yá àwọn ní Ọmọ́wùmí fún ọdún méjì. Bí wọ́n bá fẹ́ yá òṣìṣẹ́ láti ibì kan lọ síbòmíràn, Ìbàdàn á fọwọ́ sí i, ibi tó ń lọ á ní àwọn gbà, ibi tó ti ń lọ á sì kọ ìwé ìyọ̀ǹda fún un. Bí ìwé ìyọ̀ǹda ò bá jáde, kò ní lè kúrò lójú kan. Èmi ni mò ń kọ ìwé ìyọ̀ǹda.

Ohun tó ṣe mí ni pé ó fò mí kọjá. Ó gbọ́ nípa iṣẹ́ náà, kò sọ fún mi. Ó gba fọ́ọ̀mù, kò fi hàn mí. Ó di ọjọ́ tí lẹ́tà dé láti Ìbàdàn pé wọ́n ti fọwọ́ sí i kí èmi tó mọ̀ pé ó ń lọ. Ìka tó tọ́ símú la fi í romú, Ọmọ́wùmí lọ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ro tiẹ̀. Mo ní kò burú.

Mi ò kọ̀ fún un o. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mi ò kọ̀. Mo kàn ní kó mú ìwé ìgbàsíṣẹ́ rẹ̀ wá. Ó mú un wá lọ́jọ́ kejì. Mo ní kó mú ìwé ọjọ́ ìbí wá. Ó mú ti ṣọ́ọ̀ṣì wá, mo ní ti kóòtù ni mo fẹ́. Oṣù kan kọjá lórí ìyẹn. Mo ní kó kọ gbogbo ohun ìní ìjọba tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó kọ ọ́: ọ̀kadà kan, bàtà òjò kan, ìwọ̀n. Mo bi í pé ìwọ̀n mélòó. Ó wò mí títí, ó ní, "Ìwọ̀n kan ni, sà." Mo ní kó lọ tún un kọ, kó fi "kan" sí i. Nígbà tó tún un kọ tán, mo kọ ọ́ sára fáìlì náà pé kó ṣì wà níbẹ̀ ná, mo sì gbé e sí ìsàlẹ̀ àwọn yòókù.

Lọ́jọ́ kan ó wá dúró síwájú mi. Ìgbà yẹn ó ṣì ń kí mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọkọ mi wà ní Ṣakí. Ọdún kẹrin rèé tí a ò gbé pọ̀."

Mo ní, "Ta ni kò ní ọkọ níbì kan?"

Láti ọjọ́ náà ni kò ti kí mi mọ́.

Ohun tó yẹ kí n fi síwájú nìyí, ṣùgbọ́n inú ló kọ́kọ́ ń bí mi: èmi náà ń dúró de lẹ́tà. Ìyàwó mi, Àtinúkẹ́, òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn lòun náà, Ìsẹ́yìn ló wà. Ó ti tó oṣù mẹ́rìnlá tó ti kọ̀wé pé kí wọ́n yá ìjọba ìbílẹ̀ wa lóun, kí a lè jọ máa gbé. Nítorí pé ìyàwó mi ni, wọn ò jẹ́ kí fáìlì náà gba ọ̀dọ̀ mi kọjá, Alàgbà Sàlàkọ́ ló ń bá Ìbàdàn sọ ọ́. Ìdáhùn kan náà ló ń wá ṣáá: kò tíì sí àyè. Ọjọ́ Jímọ̀ ni Àtinúkẹ́ ń dé, ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn ló ń padà. Ọmọ wa, Fìyìnfólúwa, ọmọ ọdún mẹ́rin, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ló sì ń fi í sí bó bá ń bọ̀ wá bá mi. Nígbà tí mo lọ kí wọn ní Ìsẹ́yìn, ọmọ mi kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà," ó sì sáré lọ pe màmá rẹ̀ pé àlejò dé.

Nínú àdúrà òwúrọ̀ mi, ẹjọ́ ẹni tó jókòó lé fáìlì ìyàwó mi ni mo máa ń kọ́kọ́ rò fún Ọlọ́run. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Mo kàn ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ìdí rẹ̀ má rí àga gbádùn láyé, kí àwọn ọmọ rẹ̀ má dá a mọ̀. Mo ń ṣe "àmín" rẹ̀ sókè débi pé àwọn ará ilé kejì ń gbọ́.

Ní ìparí oṣù keje, Àtinúkẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Wọ́n fẹ́ fún un ní ilé ìjọba ní Ìsẹ́yìn. Bí oṣù kẹjọ bá fi parí tí lẹ́tà ò jáde, òun á gba ilé náà, òun á sì fi Fìyìn sí ilé ìwé níbẹ̀.

"Ó ti sú mi, Bàbá Fìyìn," ló wí.

Mo ní kó ní sùúrù, pé àwọn ìkà ló wà níbi tí fáìlì wà. Ẹ̀wà ló ń ṣà lórí àtẹ lọ́wọ́. Kò gbójú sókè.

"Ọ̀dọ̀ tiyín ńkọ́? Ṣé kò sí fáìlì ẹnì kankan lọ́wọ́ yín?"

Ẹ̀rín pa mí. Mo sọ ti Ọmọ́wùmí fún un, gbogbo rẹ̀: ìwé ọjọ́ ìbí, bàtà òjò, àti bí mo ṣe ní kó lọ tún "ìwọ̀n kan" kọ. Mo fara wé bó ṣe wò mí. Mo ń rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Àtinúkẹ́ ṣa òkúta kan jáde nínú ẹ̀wà, ó sọ ọ́ nù, ó ní oúnjẹ ò ní pẹ́ jinná.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹjọ, Alàgbà Sàlàkọ́ pè mí sí yàrá rẹ̀. Lẹ́tà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìbàdàn ti là á fún wa wàyí," ó ní. "Àyè òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn kan ṣoṣo ni a ní. Ẹni tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ń dúró dè kó lọ, kí ìyàwó rẹ tó lè wọlé. Wọ́n ní àwọn ti fọwọ́ sí ìlọ onítọ̀hún láti oṣù kejì."

Mo bínú. Mo ní, "Ta wá ni onítọ̀hún ọ̀hún? Kí ló ń jókòó ṣe?"

Alàgbà Sàlàkọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọmọ́wùmí ni. Mo rò pé o ti parí ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn tipẹ́. Ta ló dá a dúró, Cornelius?"

Mo gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo kà á. Ó ní, "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́," kò sì parí rẹ̀.

Ohun tí mi ò ṣe fún oṣù mẹ́fà, mo ṣe é láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo kọ ìwé ìyọ̀ǹda, mo fọwọ́ sí i, mo lu òǹtẹ̀ lé e, mo fi ẹsẹ̀ ara mi gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ń kó irúgbìn sí lẹ́yìn ọgbà. Ọmọ́wùmí wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń da àgbàdo irúgbìn sínú àpò. Mo na ìwé náà sí i. Kò gbà á.

"Àwọn ará Ṣakí ti gba ẹlòmíràn," ó ní. "Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje. Wọ́n ní àwọn ti dúró títí."

"Mo lè pè wọ́n. Mo mọ ẹnì kan ní Ṣakí."

"Ẹ má pè wọ́n."

"Ọmọ́wùmí, mo bẹ̀ ọ́. Bí o ò bá lọ, ìyàwó mi ò lè wá."

"Mo mọ̀, sà. Èmi àti Àǹtí Àtinúkẹ́ jọ ṣèpàdé ní Ìsẹ́yìn láàárín oṣù keje. A jókòó ti ara wa. Àǹtí bi mí pé níbo ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sọ fún wọn. Wọ́n bi mí pé ta ló di fáìlì mi mú, mo sọ fún wọn." Ó di ẹnu àpò kan. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi."

Mi ò dúró gba ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni, mi ò sì dúró kí Àtinúkẹ́ dé bó ṣe máa ń dé lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo wọkọ̀ dé Òkèhò, mo tún wọ òmíràn, mo dé Ìsẹ́yìn nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀. Ilé tí Àtinúkẹ́ ń gbé tẹ́lẹ̀ ti ṣófo. Aládùúgbò kan ló mú mi dé ilé ìjọba náà. Àtinúkẹ́ dúró lórí àpótí, ó ń so kọ́tìnì kọ́. Aṣọ ilé ìwé tuntun, aláwọ̀ ewé, wà lórí àga, wọ́n ti rán orúkọ Fìyìn sí i láyà.

Mo ní, "O mọ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ ọ́ fún ọ, o ti mọ̀."

"Mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Ǹ bá ti fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà gan-an."

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí náà. Ojú rẹ̀ gbẹ, ohùn rẹ̀ ò sì lọ sókè.

"Àyè Ọmọ́wùmí ní Ṣakí ti bọ́ kí n tó gbọ́. Kò sí ohun tí ìfọwọ́sí yín fẹ́ ṣe mọ́. Mo kàn fẹ́ mọ irú ẹni tí mò ń kó ẹrù mi lọ bá. Ẹ wá sọ ọ́ fún mi fúnra yín, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín."

"Àtinúkẹ́, iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ ìjọba ni."

"Ọkọ tiẹ̀ náà wà ní Ṣakí tó ń dúró dè é," ó ní. "Ó sọ fún yín."

Mo fẹ́ jókòó, ṣùgbọ́n orí àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni aṣọ ọmọ náà wà, kò sì gbé e kúrò fún mi. Ó gun àpótí padà, ó mú etí kọ́tìnì náà.

"Ọkọ̀ Òkèhò kì í pẹ́ kún lọ́jọ́ Jímọ̀," ó ní. "Ẹ tètè máa lọ."