Ọmọ Àná Tó Ń Gba Màmá Túndùn Nímọ̀ràn

Màmá Túndùn pòṣé kó tó jókòó. Ṣé nítorí ọmọ àná yìí tó ń pe ara ẹ̀ ní agbaninímọ̀ràn ìdílé ni Levi, ọmọ rẹ̀, ṣe fi mọ́tò gbé e láti ilé wọn ní Ungwan Shanu wá sí ọ́fíìsì ní Mando? Òun tó fi ọ̀gá ilé ìwé fẹ̀yìn tì! Ìjà ilé wọn ò sì ju ẹyọ kan lọ: Princess, ọmọ Levi, a máa fi Hausa kí i láàárọ̀ lórí ìdúró, òun kì í sì í dá a lóhùn.

Agbaninímọ̀ràn náà ò tilẹ̀ bèèrè ẹjọ́. Ó ní, "Ìgbà wo lọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti ọmọ ọmọ yín wọ̀ gbẹ̀yìn, mà?"

"Rádaràda! Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní yunifásítì nìyẹn?" Ṣùgbọ́n ó rántí. "Nígbà tí ibà dá Princess dùbúlẹ̀. Mo fi Hausa bi í pé ara ńkọ́, ó fi Yorùbá dáhùn pé ara òun ti ń yá."

"Ta ló kọ́kọ́ sọ èdè ẹnìkejì?"

Màmá wò ó bí ẹni wo ìdọ̀tí.

"Ẹ mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ nìyẹn, mà. Ẹ tún ṣe é."

"Gbogbo ọgbọ́n ẹ náà nìyí?" Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Princess ń kọjá lọ sí ilé ìdáná. "Ina kwana," ó ní, kò dúró gbèsì.

"Lafiya lau," ni Màmá fi Hausa fèsì, bí ẹni ń tu egungun ẹja dànù.

Ọmọ náà dúró. Ó padà wá, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Màmá dá a lóhùn tán, ó yíjú sí Levi. "Ọmọ Mando yẹn ò mọ nǹkan kan. Ọjọ́ wo la ń padà lọ?"