Ẹ Kú Iṣẹ́ Lórí Pápá Góòfù Ìgàndó

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè lọ jókòó síbì kan kó máa jiyàn: lọ́dún 1976, ayé wá sí Ìgàndó. Àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá góòfù, tí ẹnì kankan nínú wọn kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, wá láti orílẹ̀-èdè mọ́kànlá láti wá bá ara wọn díje. Wọn ò lọ sí Ìkòyí, wọn ò lọ sí Àpápá. Ìgàndó ni wọ́n bọ́ sí, ibi tí àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ìkookò ṣì ń sùn sójú ọ̀nà ibẹ̀. Owó epo ń ṣàn nígbà náà, kò sí ìlú tí kò fẹ́ gbàlejò. Kí ló wá dé tí ti Ìgàndó yóò fi jẹ́ èèwọ̀?

Olúsànyà ni alága ìgbìmọ̀ tó gbàlejò náà. Ọmọ onílẹ̀ ni. Ìlú òyìnbó ló ti kọ́ iṣẹ́ ọ̀nà lílà, ibẹ̀ náà ló ti kọ́ góòfù, nígbà tó sì padà dé, tí ìjọba ń la títì káàkiri, ọwọ́ rẹ̀ ò dilẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n pápá góòfù ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó lọ bá àwọn àgbà ìdílé pé kí wọ́n fún òun ní ilẹ̀ oko kan lẹ́yìn ìlú, tí wọ́n ti ṣíwọ́ dídá. Bàbá Adéríbigbé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tó jẹ́ olórí ẹbí, bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Tó o bá ṣe é tán, ṣé wọn ò ní máa lé wa níbẹ̀ bí ẹran?"

"Bàbá, ẹsẹ̀ yín ò ní kúrò lórí ilẹ̀ yìí," Olúsànyà dáhùn. "Ẹnikẹ́ni ò ní lé yín níbẹ̀ níṣojú mi."

"Ẹyin lohùn o," bàbá náà wí, ó sì fún un ní ilẹ̀.

Pápá náà kì í ṣe irú èyí tí wọ́n máa ń yà sínú ìwé ìròyìn. Níbi tí ihò tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù sí wà, tí koríko tútù máa ń wà nílùú òyìnbó, iyanrìn ni ti wa: iyanrìn tí wọ́n fi àlòkù ọ́ìlì ọkọ̀ pò títí ó fi dúdú, tó sì dì mọ́ra. Búráùn ni wọ́n ń pè é. Bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́, wọn a fi irin pẹlẹbẹ kan tó ní ọwọ́ gígùn wọ́ ọ kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ padà. Àwọn oníròyìn kan láti òkè òkun rí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Olúsànyà ò bínú.

"Ẹ̀yin ní òjò, ẹ fi gbin koríko," ó sọ fún wọn. "Àwa ní epo."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èrò ya wá. Wọ́n wá láti Ìkòtún, wọ́n wá láti Ẹ̀gbẹ́dá àti Dópẹ̀mú. Àwọn bíríkìlà àti káfíńtà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá wá iṣẹ́ sí Èkó pa iṣẹ́ tì. Àwọn ará ìjọ Aládùúrà wọ aṣọ funfun wọn, wọn ò wọ bàtà, bí ẹni ń lọ sí ìsìn. Ẹlòmíràn gbé àga dání, ẹlòmíràn pọn ọmọ. Olúsànyà wo gbogbo wọn lẹ́yìn okùn tí wọ́n ta yí pápá ká, inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé òun ló bí wọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wàhálà wà nínú èrò náà tí kò tíì rí.

Ọmọ Skọ́tláǹdì kan tó ń jẹ́ Matilda, pẹ́lẹ́ńgẹ́ báyìí, tí oòrùn wa ti sọ imú rẹ̀ di pupa bí ata, ló kọ́kọ́ jáde. Ó dúró ti bọ́ọ̀lù, ó tẹ̀ ba, ó gbé igi góòfù sókè. Hàbíbátù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta abọ́ tánganran ní Ìkòtún, wà lẹ́yìn okùn gan-an. Ohùn Hàbíbátù kì í sì í ṣe ohùn kékeré. Ó rí ọmọ ọlọ́mọ tó ń làágùn nínú oòrùn, ó sì ṣe ohun tí ìyá tó bí i kọ́ ọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Igi góòfù yẹ̀ lọ́wọ́ Matilda. Bọ́ọ̀lù fò kọjá lórí èrò, ó di inú oko ẹ̀gẹ́. Ọmọ náà yíjú padà, ó ń wo èrò tìyanu-tìyanu. Wọ́n rò pé ìkíni àkọ́kọ́ ni kò dé etí rẹ̀, ni gbogbo wọn bá gbè é lẹ́ẹ̀kan náà: "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ pẹ̀lẹ́ o! Ẹ kú oòrùn o!"

Bó ṣe lọ títí di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Ihò tí ọmọ kan bá dé, wọn a kí i. Ọmọ Japan kan ń tẹríba láti fi dá wọn lóhùn, ìyẹn ló sì tún dá kún ọ̀rọ̀, nítorí ọmọ tó bá mọ ìkíni jẹ́, ta ni kò ní tún un kí? Nígbà tó yá, Matilda bi ẹni tó ń bá a gbé báàgì pé kí ni wọ́n fi ń dáhùn. Wọ́n ní kó máa sọ pé "Oo." Ó ń sọ ọ́, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, bọ́ọ̀lù ń wọ igbó.

Rẹ́fírì àgbà jẹ́ òyìnbó arúgbó kan tí kì í pariwo. Ó pe Olúsànyà sábẹ́ igi obì.

"Alága, góòfù ò fẹ́ ohùn," ó wí. "Lọ́la, màá ní kí àwọn ọlọ́pàá kó gbogbo èrò jáde sí títì. Àwọn ọmọ tó ń gbá a nìkan ni yóò kù sínú pápá."

Ọ̀rọ̀ náà gún Olúsànyà lọ́kàn. Kò rí ohun mìíràn ju Bàbá Adéríbigbé tí ọlọ́pàá ń tì jáde lórí ilẹ̀ tí baba tó bí i lọ́mọ ti kọ ebè. Bí ìyẹn bá fi lè ṣẹlẹ̀, kí ni gbogbo àsíá orílẹ̀-èdè mọ́kànlá tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ yẹn wúlò fún? Ojú tì í, inú sì bí i, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé rẹ́fírì jẹ̀bi. Ọmọ tí wọ́n dẹ́rù bà lẹ́nu ìdíje, wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ nìyẹn.

"Ẹ má lé gbogbo wọn," ó bẹ̀ ẹ́. "Ẹni tó bá yanu kí bọ́ọ̀lù tó wọ ihò ni kó jáde, òun nìkan, kó má sì wọlé mọ́ títí ìdíje yóò fi parí. Èmi ni mo dúró fún wọn. Bí ẹnì kan bá yanu tí kò jáde fúnra rẹ̀, ẹ pe ọlọ́pàá yín."

"Ẹnikẹ́ni?"

"Ẹnikẹ́ni. Ì báà ṣe ọba."

Rẹ́fírì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Kí wọ́n tó pe ìrun mọ̀gáríbì lọ́jọ́ náà, àgbàlá Bàbá Adéríbigbé ti kún fọ́fọ́. Olúsànyà dúró láàárín wọn, ó ń ṣàlàyé.

"Eré ni wọ́n ń ṣe, kì í ṣe iṣẹ́. Ọmọ tó bá ń gbá a gbọ́dọ̀ fi ọkàn sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí wọn mọ́. Ẹni tó bá yanu kí bọ́ọ̀lù tó wọ ihò, títì ni yóò bọ́ sí títí ìdíje yóò fi parí."

Hàbíbátù dìde. "Ẹ gbọ́ ná, Alága. Eré wo ló ń mú ọmọ èèyàn làágùn báun? Kí n wá dúró, kí n máa wò ó jọ̀ọ̀ bí ẹni ń wo ewúrẹ́? Kí ìyá ẹ̀ níbi tó wà wá máa sọ pé àwa ò lẹ́kọ̀ọ́, àbí?"

"Kò ní sọ bẹ́ẹ̀."

"Á sọ ọ́ jàre! Èmi gan-an máa sọ ọ́ tó bá jẹ́ ọmọ tèmi!"

Àgbàlá hó yèè. Kò sí ẹni tó wà lẹ́yìn Olúsànyà. Bàbá Adéríbigbé jẹ́ kí ariwo náà rọlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ọdẹ ni kó tó darúgbó.

"Ẹ jẹ́ n bi yín. Tí ẹ bá bá ọdẹ pàdé nínú igbó, tó ti gbé ìbọn sójú, tí ẹran dúró níwájú ẹ̀, ṣé ẹ máa kí i?"

"Ó tì o," ni wọ́n wí.

"Kò sẹ́ni tó jẹ́ kí i. Ẹ máa di èémí yín mú ni. Tó bá yìn ín tán, ẹran ì báà kú, ẹran ì báà lọ, ẹ ó wá kí i dáadáa. Ẹran làwọn ọmọ wọ̀nyí ń wò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yìnbọn ná."

"Háà." Hàbíbátù jókòó. "Kí Alága ti sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀ ṣá!"

Lọ́jọ́ kejì, Ìgàndó dákẹ́. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò ní gbà á gbọ́. Ọmọ ọwọ́ tó bá fẹ́ ké, ìyá rẹ̀ ti gbé e sáré dé títì. Bọ́ọ̀lù a wọ ihò, ìkíni a bú yẹ̀ẹ̀, gbogbo rẹ̀ a sì tún pa lọ́lọ́. Ràímì bíríkìlà nìkan ló gbàgbé, tó kí ọmọ Kenya kan nígbà tó ṣì ń fojú wọn ọ̀nà bọ́ọ̀lù. Kò dúró kí wọ́n lé òun. Ó ṣí fìlà, ó tọrọ gáfárà, ó lọ gun orí lọ́rì kan tó dúró ní títì, ibẹ̀ ló wà títí ilẹ̀ fi ṣú, ibẹ̀ náà ló sì padà sí ní ọjọ́ kejì rẹ̀. Rẹ́fírì mi orí, ó ní òun ò rí irú èyí rí nílùú kankan. Olúsànyà ń rìn láti ihò dé ihò bí ẹni tó dé adé. Àwọn èèyàn òun nìyí!

Ọjọ́ kẹta ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù níye ìgbà tó kéré jù ló máa ń borí nínú góòfù, nígbà tí wọ́n sì fi máa dé ihò ìkẹyìn, iye ti Matilda àti ti Ọláídé, ọmọ Dópẹ̀mú, dọ́gba gẹ́lẹ́. Àwọn méjèèjì ti gbé bọ́ọ̀lù dé orí búráùn. Ti Matilda ló jìnnà sí ihò jù, òun ni yóò kọ́kọ́ gbá a. Èrò yí wọn ká, kò sí ẹni tó wúkọ́.

Ẹsẹ̀ ti dá ojú iyanrìn rú. Ọkùnrin tó ń wọ́ búráùn fẹ́ bọ́ síwájú, ṣùgbọ́n Matilda gba irin náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fà á láti ẹnu ihò bọ̀, díẹ̀díẹ̀, òógùn ń kán lágbọ̀n rẹ̀, ọ́ìlì ti ba ìbọ̀sẹ̀ funfun rẹ̀ jẹ́. Olúsànyà dúró sí ìtòsí, ó ń wò ó. Ọmọ tó ti ọ̀nà jíjìn wá ló ń tún ilẹ̀ Ìgàndó ṣe báyìí, bí ẹni ń gbá àgbàlá baba rẹ̀! Ara rẹ̀ bù máṣọ. Kò rántí rẹ́fírì, kò rántí ọdẹ, ẹnu rẹ̀ là fúnra rẹ̀.

"O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi!"

"Oo!" Matilda dáhùn. Kò tilẹ̀ gbójú sókè, ó ń wọ́ iyanrìn rẹ̀ lọ.

Gbogbo ojú yí sí Olúsànyà. Ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò. Alága tó ti bẹ gbogbo ìlú títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ, ohùn tirẹ̀ ló jáde! Hàbíbátù fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

Rẹ́fírì sún mọ́ ọn. "Ọmọ náà ò tíì dúró ti bọ́ọ̀lù," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Èmi ò gbọ́ nǹkan kan, Alága." Ó sì wo ibòmíràn. Inú rere ló fi ṣe é.

Olúsànyà lè dúró. Ohun tó ti ń lálàá rẹ̀ láti ìgbà tó ti ìlú òyìnbó dé ló wà níwájú rẹ̀ yìí, ọmọ Dópẹ̀mú sì lè gba ife àgbáyé níṣojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ràímì wà lórí lọ́rì ní títì. Bí wọ́n bá gbójú fo ti alága, àdéhùn ti bàjẹ́ nìyẹn, bí ẹlòmíràn bá sì tún yanu, ẹnu wo ni òun yóò fi dí ọlọ́pàá lọ́nà? Ó ti ní ẹnikẹ́ni. Ó ti ní ì báà ṣe ọba.

Ó bọ́ bájì alága láyà. Ó rìn dé ọ̀dọ̀ Bàbá Adéríbigbé, ó dọ̀bálẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó fi bájì náà lé e lọ́wọ́, ó sì nawọ́ sí ife tó ń dán lórí tábìlì, èyí tí alága yóò gbé fún ẹni tó bá borí. Ó yé bàbá náà. Ó fi bájì há agbádá rẹ̀, ó na ẹ̀yìn, ó lọ dúró sí àyè alága níwájú gbogbo àsíá. Olúsànyà wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Onílẹ̀ ló ń gbàlejò lórí ilẹ̀ rẹ̀ yìí, orí Olúsànyà sì wú ju ti ọjọ́ tí wọ́n fi òun gan-an jẹ alága lọ. Ó gba abẹ́ okùn jáde, èrò ń yà fún un.

"Háà!" Ràímì kígbe láti orí lọ́rì. "Alága! Ẹ̀yin náà?"

"Èmi náà."

Ràímì rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́, kó tó na ọwọ́ fà á gòkè. Láti ibẹ̀, àwọn igi obì ti dí ihò ìkẹyìn. Aṣọ funfun àwọn Aládùúrà nìkan ni wọ́n ń rí láàárín ewé. Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́, ó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀. Olúsànyà di irin lọ́rì mú.

Lójijì ni ohùn bú jáde. "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Ohùn tọkùnrin tobìnrin, ti Hàbíbátù lókè gbogbo wọn, àwọn ẹyẹ fò lórí igi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn ọmọdébìnrin méjì dáhùn pọ̀, "Oo!" Kò sí fèrè ọlọ́pàá kan tó dún.

Ràímì na ọrùn títí. "Ta ló gbà á, Alága? Ọláídé ni àbí òyìnbó yẹn?"

Omijé ń ṣàn lójú Olúsànyà, kò sì nù ún.

"Mi ò mọ̀," ó wí. "Ṣùgbọ́n, Ràímì, gbogbo ilé wa ló wà níbẹ̀."